Ma duro de mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, díẹ̀ ló kù kí n dáná sun ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Ẹ̀rọ làmínéètì mi ló gbóná jù, ó ti ń rùn, èmi sì wà níbẹ̀ tí mò ń bá oníbàárà mìíràn tàkúrọ̀sọ. Ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn mi.

"Àǹtí! Ọjọ́ ọ̀la mi ń jó o!"

Mo sáré fa ìwé náà yọ. Etí ẹ̀ kan ti pọ́n. Mo ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ọjọ́ ọ̀la yín ò jó. Ó kàn yan díẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Ṣọ́ọ̀bù fótókópì ni mo ní, lókè àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìjọba. N ò kàwé lọ títí, àmọ́ ẹnu mi kì í sinmi. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo ìwé yẹn ṣe.

"Másítà ni. Ìṣèlú láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ọdún méjì, orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Tá a bá parí níbì kan, wọ́n á kó wa lọ síbòmíràn."

"Bíi darandaran?"

"Bíi darandaran gẹ́lẹ́. Ìwé la máa dà."

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Aṣojú. Òun náà sọ mí ní Ìjọba. Oṣù méje tó fi ń dúró de físà, kò sọ́jọ́ tí kò wá. "Ìjọba mi, o kú iṣẹ́ o!" Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá tẹ ogún ẹ̀dà fún ẹni tó ní méjì lòun fẹ́.

Ó máa ń sọ ohun tó ń kà fún mi. Ó ní orílẹ̀-èdè méjì lè jà nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìwé àdéhùn wọn ò sọ yanjú.

Mo ní, "Wọn ò lẹ́nu ni? Kí wọ́n béèrè."

"Ìjọba mi, inú á ti bí wọn kí wọ́n tó rántí pé àwọn lẹ́nu."

Màmá mi ò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé wọ́n rí nǹkan burúkú lọ́wọ́ ẹ̀ o. Kíndìnrín wọn ló ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀.

"Ọmọ mi, o ti lé lọ́gbọ̀n. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta! Ta ló sọ fún ẹ pé kò ní rí ìyàwó mẹ́ta níbẹ̀? Ìwọ lè dúró. Èmi ò ráyè."

Awakọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ fún mi. Ìyàwó tiẹ̀ ti kú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Á pọn Màmá sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Màmá, báàgì yín wúwo jù yín lọ," Màmá á sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ká ní èèyàn burúkú ni, ì bá rọrùn fún mi.

Aṣojú lọ. Ní orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀. Èmi kì í kọ̀wé, ohùn mi ni mo máa ń gbà ránṣẹ́, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko. Ó ní ohùn mi lòun fi ń se oúnjẹ. Ní ìkejì, ó dín kù. Nígbà tó fi máa dé ìkẹta, ohun tó ń rán ò ju, "Ìjọba mi, ó ti rẹ̀ mí. Màá pè ẹ́." Kò ní pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tá a ti ń dúró ti Màmá lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n di ọmọ yín, kẹ́ ẹ lè yé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Màmá sunkún. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbohùn sórí fóònù.

"Aṣojú, ọkùnrin kan ti wá tọrọ mi o. Màmá ń kú lọ. Má ka ìwé sí mi létí. Ṣé kí n dúró dè ẹ́ ni, àbí kí n má dúró? Sọ ọ́ lónìí."

Ohùn ò dé. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló dé, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀: *Ma duro de mi.*

Mo wò ó títí. Tí Aṣojú bá ní kí n máa ṣe nǹkan, a méjì ló máa ń kọ. *Maa sun. Maa jeun.* A kan ṣoṣo rèé. Mo gbé e fún Màmá. Wọ́n wá awò ojú wọn kàn, wọ́n kà á sókè.

"Má dúró dè mí." Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Ó kúkú sọ òótọ́."

Inú bí mi. Lójú ẹsẹ̀ ni mo bílọ́ọ̀kì ẹ̀. N ò béèrè nǹkan kan. Èmi tẹ́nu mi kì í sinmi!

Lóṣù kejì, mo fẹ́ awakọ̀. Lóṣù karùn-ún, a sin Màmá.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó tún gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Ó ti rù. Ó wo oyún inú mi, ó gbé ìdì ìwé kan sórí káńtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àpilẹ̀kọ másítà mi yìí."

"Ẹ" tó pè mí yẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Aṣojú, ìwọ lo ní kí n má dúró."

"Èmi?"

N ò tíì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Mo fi hàn án. Ó kà á sókè. "Máa dúró dè mí. Máa dúró ni mo kọ."

"A kan ló wà níbẹ̀!"

"Abẹ́ tábìlì ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó wa jókòó, kálukú ń ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè kan, à ń dúnàádúrà fún máàkì. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Nígbà tá a jáde mo pè ẹ́, kò wọlé. Mo wá pe Màmá."

"O pe ta?"

"Wọ́n ní o ti lọ́kọ. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi ẹ́ sílẹ̀, káwọn lè rí ìgbéyàwó ẹ kí àwọn tó lọ."

N ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Ẹni tí mo fẹ́ bi ti wà nínú ilẹ̀.

Mo ń to ìwé náà, mo ń sunkún sí i. Mo bi í pé kí ló kọ síbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì nínú ìwé àdéhùn ló dá lé. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo lè kà, torí èdè wa ló wà níbẹ̀: *Fún ẹni tí mo ní kó máa dúró dè mí.* A méjì. Bírò ló fi fa àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi fun fèrè ọkọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ti wá gbé mi lọ sílé.

Aṣojú gba ìwé ẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó pè é. "Ṣé wàá tún yà síbí?"

Ó yíjú padà. "Ìjọba mi, má dúró dè mí mọ́."

Ẹnu ló fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.