Àwọn Tó Wà Lókè

"Ẹ jókòó ná, àwọn tó wà lókè ò tíì sọ nǹkan kan."

Bí mo ṣe kọ́kọ́ bá olólùfẹ́ mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń gbàlejò nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wa alájà mẹ́fà. Òun wá tún lífítì ṣe. Wákàtí kan gbáko ló fi gbé àpótí irinṣẹ́ lé ẹsẹ̀, tí a jọ ń tàkúrọ̀sọ. Kí n tó ní kó máa lọ ṣiṣẹ́, ó ti gba nọ́ńbà mi.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá. Ìfẹ́ wa dùn, àfi tí mo bá dárúkọ ìgbéyàwó. Á ní:

"Olólùfẹ́ mi, àwọn tó wà lókè ò tíì sọ nǹkan kan."

Ìyá rẹ̀ ló ní lọ́kàn, torí àjà kẹta ilé wọn ni mama ń gbé. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbólóhùn yẹn jù mí lọ? Èmi tí mo ń fi dá àlejò dúró lójoojúmọ́! Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, mo na etí. Bó bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fura. Mo ní ó ti níyàwó síbì kan. Inú mi bàjẹ́, mi ò lè jẹun.

Ní Sátidé kan, mo gun àtẹ̀gùn lọ bá mama.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi fẹ́ mi?"

Mama bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Ọmọ mi ní àwọn òbí tìrẹ ni ò tíì dáhùn!"

Kí n tó lanu, ọ̀gbẹ́ni náà wọlé tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Wàá sòótọ́ lónìí," mo kọjú sí i. "Ta lò ń fi pamọ́?"

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan. Nígbà tí mo tún lífítì yín ṣe tán, mo gùn ún dé òkè pátápátá láti dán an wò. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Kò sẹ́ni lókè! Wákàtí kan lo fi purọ́ fún mi, ojú rẹ ò sì yẹ̀. Látìgbà náà, bó o bá ní o fẹ́ràn mi, ẹ̀rù máa ń bà mí pé irú rẹ̀ náà ni. Mo wá ń fi gbólóhùn rẹ dá ọ lóhùn, mo ń retí kó o jẹ́wọ́."

Ojú tì mí. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó ń tún lífítì ṣe kò ní ṣàìdé òkè.

"Mo fẹ́ kó o pẹ́ lọ́dọ̀ mi ni," mo wí, omijé sì bọ́. "Mi ò purọ́ ìfẹ́ fún ọ rí."

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Òpùrọ́ méjì," ni mama wí. "Ẹ bára yín mu. Ó dáa, àwọn tó wà lókè ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ wo la ó wá kí àwọn òbí rẹ?"

"Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mà. Wọ́n máa wà nílé."

Olólùfẹ́ mi yíjú sí mi, ẹ̀rín ń pa á díẹ̀díẹ̀.

"Lóòótọ́?"