Òǹtẹ̀ Owólabí

N kò ní búra, nítorí Olúwa wa ní kí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ní Abidjan níbí ni, lọ́dún 2008. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń wá sí ìjọ wa ní Anoumabo. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó.

Abímbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Òun àti Owólabí ọkọ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau. Owólabí ló máa ń di ètò kọ̀ǹpútà bí ẹni di ẹrù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ìlú. Ètò kan a máa gbára lé òmíràn. Yọ ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kankan kì í fi í gba ẹrù tí kò bá ní òǹtẹ̀ Owólabí. Òǹtẹ̀ náà kì í ṣe ti yíǹkì. Kọ́kọ́rọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ wà nínú fíláàṣì kékeré tó ń gbé kọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó ń ṣí i sì wà lọ́kàn òun nìkan. Ímeèlì rẹ̀ gbogbo ló ń tẹ̀ ní òǹtẹ̀, títí kan èyí tó fi ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́.

Gbàkà kan, ọkọ̀ akérò ìlú yìí, dojú dé lọ́nà Abobo. Owólabí wà nínú rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n kó aago rẹ̀ àti fíláàṣì náà fún Abímbọ́lá nínú ọ̀rá. Fíláàṣì ti rún wómúwómú.

Wọ́n sin ín. Òjò rọ̀. Abímbọ́lá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àdán ń ṣí lórí igi Plateau, ojú ọ̀run dúdú fún wọn. Ọ́fíìsì pa rọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà dún. Ímeèlì dé.

Owólabí ló fi ránṣẹ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Òfìfo. Òǹtẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Abímbọ́lá ní kí ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ dáhùn: òǹtẹ̀ yìí péye, Owólabí ló tẹ̀ ẹ́, lónìí.

Saliou, ọmọ Kétu tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Saliou, wá wo nǹkan."

"Tantie, ẹ jẹ́ n lọ jàre. Bateau tó ń gbé wa sọdá ọ̀sà ò ní dúró dè mí, èmi kọ́ ni mínísítà."

Ó wò ó. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n jí fíláàṣì Tonton Owólabí ni."

"Ó wà nínú báàgì mi. Ó ti rún."

"Ẹ̀rọ yìí ló ń parọ́ nígbà náà."

Ó yọ ètò tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò kúrò. Ó yọ èyí tí ìyẹn gbára lé. Ó yọ ọ́ títí dé ìpìlẹ̀, ó kó tuntun síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún béèrè.

Òǹtẹ̀ yìí péye.

"Láìláà ilálláhù," ni Saliou wí. Ó jáde láìdágbére.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò lọ kí ímeèlì òfìfo náà má dé. Abímbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é. Ó ń kun àtíkè dè é. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí Madame Henriette, ọ̀gá wọn, ó sì pe Abímbọ́lá.

"Ẹni tó bá ní òǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́ lè ti májèlé sínú ẹ̀rọ gbogbo ilé ìwòsàn. Fagi lé e. Ọwọ́ rẹ ni ìwé ìfagilé rẹ̀ wà, non?"

Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Owólabí ti ṣe ìfagilé náà sílẹ̀ fún un nígbà ayé rẹ̀: bí mo bá kú, fi síta. Bó bá ti jáde, kọ̀ǹpútà kankan láyé ò ní gba orúkọ Owólabí mọ́, kò sì ní ṣe é dá padà. Lójú Abímbọ́lá, ìsìnkú kejì ni, òun ló sì máa gbẹ́ ilẹ̀.

Ó lọ bá Bàbá Adéṣọpẹ́, alàgbà wa.

"Kí ló ń sọ fún ọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá. Orúkọ rẹ̀ lásán ni."

"Ọmọ mi, Oníwàásù ní òkú kò mọ ohun kan. Sọ́ọ̀lù lọ sí Éńdórì, o mọ ohun tó kó bọ̀. Ohun tó gbé orúkọ ọkọ rẹ wọ̀, tí kò lẹ́nu, tí o ń kun àtíkè dè… ta ni?"

Abímbọ́lá sunkún relé.

Ó gbààwẹ̀. Ó gbàdúrà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ní, "Owólabí, dárí jì mí." Ó fi ìfagilé náà síta.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Saliou kò lọ sílé, ó jókòó tì í. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́ lójijì. Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn.

Kọ̀ǹpútà dún.

Ẹ̀rọ fi pupa kọ ọ́: Wọ́n ti fagi lé òǹtẹ̀ yìí. Má ṣe gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí kì í ṣe òfìfo.

"Àbẹ̀kẹ́, ojoojúmọ́ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o ti wá ń gbọ́ mi báyìí?"

Kò sẹ́ni tó mọ oríkì Abímbọ́lá yẹn ní ọ́fíìsì.

"Tantie, ẹ má dáhùn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Abímbọ́lá tẹ lẹ́tà díẹ̀. Ó dúró. Ìka rẹ̀ wà lókè bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́. Saliou ní òun kọjú sí ògiri, nítorí òun kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tó yí padà, obìnrin náà ti pa ẹ̀rọ. Bóyá ó fi ránṣẹ́, bóyá kò fi ránṣẹ́, a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.