Òkú Inú Kòtò ní Oko Tíì Malligai

Wọ́n ti gbé òkú Vasugi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń já ewé tíì, jáde kúrò nínú kòtò kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Yogambal tó dé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko, wọ́n fi àpò bò ó lójú. Òjò àná ti dá. Apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ń já ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì tuntun.

"Ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́," ni Wimalaratne wí, ọ̀gá kékeré tí ń ṣàkóso apá òkè oko náà. "Tàbí kó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló tì í. Ọ̀mùtí ni. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ tètè mú un. Ewé tíì kì í dúró de olókùú."

Yogambal kúnlẹ̀ ti òkú náà. Inú oko bí irú èyí ni wọ́n ti bí òun náà, ìyá rẹ̀ sì já ewé títí ó fi kú.

Ó tú rọ́bà tí obìnrin náà fi bora nítorí òjò. Ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n níwájú àyà, ó le gbagidi níbi méjì, bí aṣọ tí a fi ògì sí, ó sì ń rùn kíkan. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Okùn apẹ̀rẹ̀, tí àwọn ajátíì máa ń gbé kọ́ iwájú orí kí apẹ̀rẹ̀ lè rọ̀ sẹ́yìn wọn, ti fa ìlà pupa sí i lọ́fun.

"Ta ló rí i gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, màdáámù."

Ponnuthai ni, alábòójútó àwọn ajátíì. Ogún ọdún ni òun fúnra rẹ̀ fi já ewé. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbé ipò náà fún un ní èṣí.

"Mo ní kó lọ fún ọmọ lọ́mú lọ́sàn-án àná," ó wí. "Bóyá bó ṣe ń bọ̀ ló ṣubú. Nígbà tí mi ò rí i mọ́, mo rò pé ó ti gba ilé lọ."

Obìnrin kan gbé tíì gbígbóná wá. Yogambal gba tirẹ̀. Ponnuthai na ọwọ́ òsì gba tirẹ̀, ojú obìnrin tó gbé e wá sì le.

"Má bínú, àbúrò. Ìkòkò ló jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún." Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Marudhan, ọkọ olóògbé, jókòó ti mọ́tò àwọn ọlọ́pàá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti lù ú rí?" Yogambal bi í.

"Mo ti lù ú rí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò dé orí òkè yìí lánàá."

"Kí ló dé tí o kò wá a nígbà tí ilẹ̀ ṣú?"

"Mo ti mutí yó." Ó wolẹ̀. "Mo rò pé ó bínú lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Màdáámù, bí ẹ bá mú mi lọ, ta ni yóò tọ́ ọmọ yẹn? Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n máa jù ú sí."

"Kó o tó gbé ìgò sẹ́nu ló yẹ kó o ti rò ó," ni ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ wí.

Yogambal padà sọ́dọ̀ ọ̀gá kékeré.

"Wọ́n ní ẹ gbá Vasugi létí rí."

"Mo gbá a. Bí ewé bá dín, ṣé àwọn ni ọ̀gá àgbà máa bú ni, àbí èmi? Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́ àná. Ẹ lọ bi gbogbo wọn níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi kì í nà wọ́n mọ́. Ponnuthai ń bá mi ṣe é."

Yogambal tún èyí rò bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Kaliyamma, arúgbó tí ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, gbé ọmọ Vasugi sẹ́yìn.

"Màmá, ṣé ìyá rẹ̀ wá lọ́sàn-án àná?"

"Ó wá kẹ̀? Gbogbo àwọn ìyá ló wá, àfi òun. Ọmọ yìí ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Omi ṣúgà ni mo fi tàn án. Àwọn ọlọ́pàá tó wá láàárọ̀ kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọmọ pariwo."

Yogambal ní kí arúgbó náà gbé ọmọ tẹ̀ lé òun. Nígbà tí wọ́n dé etí kòtò, ó pe Ponnuthai.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ bọ̀, ọmú rẹ̀ á ti fúyẹ́. Ti Vasugi kún títí ó fi ya sẹ́wù. Òjò kò débẹ̀, rọ́bà bò ó. Kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ rárá."

"Ó lè jẹ́ pé bó ṣe ń lọ ló ṣubú."

"Pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀? Ta ló ń ru ẹrù lọ fún ọmọ lọ́mú? Orí poro ni ẹ̀yin náà máa ń gbé tiyín sí." Ó sún mọ́ ọn. "Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fa okùn apẹ̀rẹ̀ yẹn. Okùn yọ̀ láti iwájú orí wá sí ọ̀fun, Vasugi sì fi ẹ̀yìn ṣubú sínú kòtò. Okùn tuntun tí òjò pa kì í ṣàánú ọwọ́ tó bá fà á. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ ọ̀tún yín."

Ponnuthai ṣí ọwọ́. Kì í ṣe egbò iná. Ìlà kan ṣoṣo ni, tó bó láti ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ́lẹwọ́ dé ìkejì.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ipò, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ wọ́n," ó wí. "Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. 'Ponnuthai yìí náà ni ọ̀gá?' Ewé dín, ọ̀gá kékeré bú mi lójú wọn. Ọjọ́ tí mo gbá ẹnì kan létí, gbogbo poro pa lọ́lọ́. Mo ní, àṣé ọ̀wọ̀ nìyí. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ́nrẹ́n, èmi ni mo máa ń rò pé wọ́n ń bú."

"Vasugi ńkọ́?"

"Ó fún mi lésì. Mo ní kó dúró sí etí kòtò pẹ̀lú ẹrù lórí, títí á fi tọrọ gáfárà. Àwọn yòókù lọ wọn ewé, àwọn ìyá lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ọmú ń ro mí. Ṣé ẹ ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí ni?'" Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé. "Mi ò gbàgbé. Ìyẹn ló bí mi nínú. Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, wọ́n dá mi dúró bẹ́ẹ̀. Inú poro ni mo ń fún omi ọmú dà sí. Ta ni òun, tí kò ní í jẹ nínú rẹ̀? Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo fa okùn apẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó dúró ni."

Ọlọ́pàá bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Marudhan, ó fi í sí ọwọ́ Ponnuthai. Obìnrin náà yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò.

"Màdáámù, ọmọ tèmi rù títí ó fi kú. Lọ́jọ́ náà, èwo nínú yín ló gbé mọ́tò wá?"

Yogambal ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.

Kaliyamma gbé ọmọ lé Marudhan lọ́wọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Obìnrin kan yọ okùn kúrò lórí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó gba ọmọ náà láìsọ̀rọ̀, ó jókòó sí etí poro, ó sì gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ dákẹ́. Àwọn yòókù dúró yí i ká, kò sí ẹni tó ń já ewé.

Ọ̀gá kékeré wo aago ọwọ́ rẹ̀.