Garawa Omi Lórí Ojú Irin Bàbá Dígà

Bí ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ṣe dé ẹ̀yìnkùlé Bàbá Dígà, ó mì jìgìjìgì, ó sì tẹ̀ sí apá kan kó tó kọjá. Àyà Bàbá já. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀.

"Irin yìí tún ti rì!" ló pariwo. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ òkúta gún!"

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fi dígà gún òkúta sábẹ́ irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ní tirẹ̀, bí irin bá rì, gún òkúta. Bó bá tún rì, tún un gún.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣàyẹ̀wò ojú irin báyìí, dé pẹ̀lú garawa omi àti asẹ́.

"Ṣé o fẹ́ ṣan òkúta bí ẹni ń ṣan ìrẹsì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá. Ẹ wá wò ó."

Ó fi asẹ́ bu òkúta abẹ́ irin, ó rì í sínú omi. Lójú ẹsẹ̀, omi di ẹrẹ̀. Ó fi òkúta kan lé Bàbá lọ́wọ́. Gbogbo igun rẹ̀ ti bó, ó ti rí róbótó.

"Òkúta ìgbà tiwa máa ń gún èèyàn lọ́wọ́ ni," Bàbá sọ jẹ́jẹ́.

"Igun yẹn ni àwọn òkúta fi ń di ara wọn mú. Gbogbo ìgbà tí a bá gún wọn ni díẹ̀ ń fọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹn ló ń dí ọ̀nà omi; omi á dúró sábẹ́, ilẹ̀ á rọ̀, irin á sì rì. Eérú tí ẹ ń dà síbẹ̀ náà sì ń ràn án lọ́wọ́, Bàbá mi."

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgúnkúta, òun fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú wọn.

"Ẹ má gún un mọ́ o! Ẹ fi asẹ́ sẹ́ òkúta náà, kí ẹ fi tuntun kún un. Ọmọ mi ló wádìí ẹ̀."

Wọ́n sẹ́ òkúta náà, wọ́n sì fi tuntun kún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ àárọ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́, ìyàwó Bàbá sì juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Inú Bàbá dùn gan-an.

"Ẹ má pè mí ní Bàbá Dígà mọ́," ló wí fáwọn aládùúgbò. "Bàbá Alásẹ́ ni kí ẹ máa pè mí."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ojú irin, bí ibì kan bá ń rì léraléra, ẹ yẹ òkúta rẹ̀ wò kí ẹ tó tún un gún. Ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹ má da eérú tàbí pàǹtí síbẹ̀. Èèyàn yín lè wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀.