Ta Ló Kó Bátìrì Ìdí Òpó?

Ọ̀sà gbé òkú Yasir apẹja wá sí èbúté lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Fóònù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá tó fi wé e, kò bàjẹ́. Nígbà tí ìjì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó di ọkọ̀ mú, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ lápètúnpè. Ìpè kankan ò wọlé.

Iná ti lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bátìrì ló yẹ kó máa fún òpó nẹ́tíwọ̀kì abúlé wọn níná, àṣé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ni ọlọ́pàá bá ti ọlọ́dẹ òpó mọ́lé: Múdàṣírù, ẹ̀gbọ́n Yasir gan-an!

Inú bí Ìbíjọkẹ́ burúkú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ni òpó náà ni kó máa wakọ̀ láti Ìgbògbò dé Ẹ̀pẹ́, kó máa fi fóònù dán nẹ́tíwọ̀kì wò. Orí olórí ni wọ́n fẹ́ fi fọ́ àgbọn yìí.

Ọláòtán, ẹ̀njíníà tó ń tọ́jú òpó náà, ló ṣílẹ̀kùn ilé bátìrì tó wà nídìí rẹ̀ fún un. Àgádágodo ò já. Wáyà tó yẹ kó ké sí ọ́fíìsì bí wọ́n bá yọ bátìrì, ẹnì kan ti so ó pọ̀ dáadáa, kó má lè ké.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi àti Múdàṣírù, mà. Èmi ni mo fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Olè ni gbogbo àwọn ọlọ́dẹ yìí."

Ìbíjọkẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú Múdàṣírù ti wú.

"Mi ò mọ wáyà kankan, mà. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mò ń kúrò níbẹ̀, tí mo bá lọ kírun."

Ìbíjọkẹ́ kọjá sí Ọjà Olúwo, lọ́dọ̀ Bùsàrí tó ń ra irin àti bátìrì àlòkù.

"Mọ̀dáámù, ẹ tú ṣọ́ọ̀bù mi! Bátìrì ńlá báyẹn, ibo ni mo fẹ́ gbé e pa mọ́ sí?"

Ó tú u, kò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló wà tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú káàkiri ọjà. Àmọ́ ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí lẹ́yìn wọn ń kùn lọ jẹ́jẹ́, kò sì sí jẹnẹrétọ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ta ló ni ibẹ̀ yẹn?"

"Ìyàwó ẹ̀njíníà yín ni. Ẹja wọn kì í bàjẹ́ mọ́."

Ìbíjọkẹ́ kó ọlọ́pàá wá. Bátìrì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló tò gbọọrọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Ọláòtán kúnlẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. "Ẹ ṣàánú mi, mà. Ẹja ìyàwó mi ń jẹrà, agbára wa ò ká epo mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tí Múdàṣírù lọ kírun ni mo kó wọn. Èmi ni mo so wáyà yẹn. Mo ní, abúlé lásán, ta ló ń pe ta níbẹ̀?"

"Yasir ń pe!" Ìbíjọkẹ́ jágbe mọ́ ọn. "Inú omi ló ti ń pe ìyàwó ẹ̀! O pa àbúrò tán, o tún ti ẹ̀gbọ́n mọ́lé! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?"

Wọ́n tú Múdàṣírù sílẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi. Múdàṣírù ò wo Ọláòtán rárá. Ìbíjọkẹ́ ló kọjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ibo ni wọ́n sin àbúrò mi sí?"