Abẹ́rẹ́ àti Ọ̀gá Tuntun

Ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun kọ́kọ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń di ìwé nílé ìtẹ̀wé náà, ó fẹsẹ̀ kọ ike gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù sì dà sí bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi òwú rán ìwé pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, ló na àkísà sí i.

"Ẹ tètè nù ún, sà. Bó bá gbẹ, ẹ ò ní lè kúrò lọ́dọ̀ wa mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kúrò?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń jẹun ọ̀sán. Bàbá Abẹ́rẹ́, tó jẹ́ àgbà níbi iṣẹ́ náà, tó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, a máa húkọ́ bí wọ́n bá ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń di ìwé fúnra rẹ̀ dé. Ọ̀gá kó àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ó ní. "Ẹni tó bá tètè mọ̀ ọ́n, kó kọ́ ẹnìkejì. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan já sílẹ̀."

Ó dá a lójú pé gbogbo wọn á mọ̀ ọ́n. Ó dá Abẹ́rẹ́ náà lójú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Abẹ́rẹ́ ti mọ ẹ̀rọ náà tinú tòde. Láràárọ̀ ló ń dúró ti bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn." Ṣùgbọ́n ojú baba kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tó ti rán ìwé fún ọgbọ̀n ọdún ń tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ.

Àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé ìtẹ̀wé: ẹni tí kò bá lè lo ẹ̀rọ, kó máa lọ sílé. Ọ̀gá lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbọ́. Ó tún lọ.

"Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀," ó sọ fún Abẹ́rẹ́. "Mo rò pé ìyẹn á mú wọn ronú. Wọ́n fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí bàbá máa lọ."

Ìlú tó jìnnà ni ọ̀gá ti rí iṣẹ́ mìíràn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá tọrọ Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ nílé.

"Ìwọ kọ́ lo lé mi," ni baba wí. "Mo mọ̀. Ọmọlúàbí ni ẹ́."

Ìyá ló dá ọ̀gá lóhùn. "Bí ọmọ mi bá tẹ̀ lé ọ lọ, ta ló máa gbọ́ bùkátà ilé yìí? Àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́ta ṣì ń lọ sílé ìwé."

Baba tẹrí ba. Abẹ́rẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lẹ́bi tí ì bá bá jà.

Àárọ̀ tí ọkùnrin náà fẹ́ lọ, ó gbé báàgì rẹ̀ wá sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́.

"Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọ́n ní ìwọ lo dárúkọ mi."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù, olólùfẹ́ mi."

"Ìwọ náà lo wá so mí mọ́lẹ̀ síbí."

Ó di ọwọ́ Abẹ́rẹ́ mú.

Ẹnì kan pè láti inú ilé iṣẹ́: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ti dúró o."

Ọkùnrin náà ti yíjú kó tó rántí pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Abẹ́rẹ́ rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì wọlé lọ.