Ohun Tó Mira Nínú Yàrá Bàbá Gi-beom

Fídíò yàrá tí kò séèyàn nínú rẹ̀ kì í wúwo. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àwòrán nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní erékùṣù Yeongdo, n kò sì rí èyí tó wúwo rí, àfi ti Ìyá Gi-beom.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé fóònù rẹ̀ wá. Gi-beom, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú ọkọ̀ ìpẹja lójú agbami, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti ju ẹ̀kán-ẹ̀kán lọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí kò pè.

"Nam-hui, bá mi sọ fídíò yìí di kékeré kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀," ó ní. "Oúnjẹ ìrántí ikú bàbá ẹ̀ la ká sílẹ̀."

"Ẹ jókòó, Ìyá. Kò ní pẹ́."

"Ohun tó o sọ lọ́jọ́sí náà nìyẹn, mo wá fi wákàtí méjì mu tíì ẹ tí ò dùn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ àwòrán, nọ́ńbà ló mọ̀. Á gé àwòrán sí ẹyọ wínníwínní, á kọ nọ́ńbà àwọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọgbọ̀n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun là ń pè ní fídíò. Kó má bàa wúwo jù, ohun tí kò bá yí padà, kọ̀ǹpútà kì í tún un kọ. Ohun tó bá mira nìkan ló ń kọ.

Nínú fídíò náà, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú fọ́tò olóògbé, wọ́n foríbalẹ̀, wọ́n ki ṣíbí bọ ìrẹsì. Gbogbo wọn wá jáde, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, kí òkú lè jẹun láìsí ojú tó ń wò ó. Ó yẹ kí fóònù náà bá wọn jáde, ṣùgbọ́n Ìyá Gi-beom gbàgbé rẹ̀ síbi tó gbé e lé.

Odidi ìṣẹ́jú mẹ́fà, tábìlì, àbẹ́là àti ògiri nìkan ni mo rí. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni fáìlì náà ti wúwo jù, ó ju ibi tí èèyàn mẹ́jọ ti ń foríbalẹ̀ lọ. Mo ní iná àbẹ́là ni. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà mú gbogbo ohun tí kò yí padà kúrò, kó fi èyí tó ń yí padà nìkan hàn mí.

Iná àbẹ́là méjèèjì yọ, bí mo ṣe retí. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan jókòó.

Kò lójú, kò nímú. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà tí ojú èèyàn ò lè rí lásán ni, ṣùgbọ́n ó lórí, ó lápá, apá náà sì ń lọ síbi abọ́, ó ń padà. Mo wo nọ́ńbà ohùn, tí ó yẹ kó pa rọ́rọ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, bí ìgbà téèyàn ń mí. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré díẹ̀ sí i, èjìká ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀.

"Gi-beom nìyẹn," Ìyá Gi-beom sọ lẹ́yìn mi. N kò mọ̀ pé ó ti dìde. "Okùn àwọ̀n ló ba èjìká yẹn jẹ́."

"Ìyá, àwòrán ni ò dáa."

"Má parọ́ fún mi. Jẹ́ kó máa lọ."

Àṣà wọn ni pé kí àbúrò ọkọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣílẹ̀kùn, kí òkú tó wà nínú yàrá lè gbọ́, kó sì dìde. Ṣùgbọ́n ó ń sáré bá bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó kàn ṣí i gbàgà. Èyí tó tóbi parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kéré ò lọ. Wọ́n ń kó abọ́ kọjá lára rẹ̀, ó ń gbórí sókè sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa pa fóònù, ó ṣì jókòó síbẹ̀.

"Òkú ló ń jẹ oúnjẹ yẹn," Ìyá Gi-beom sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ mi ti kú."

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì mi. Láti inú ọkọ̀ ni.

"Ìyá." Gi-beom ni, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O wà láàyè, ọmọ mi?"

"Mo wà, àmọ́ oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Lálẹ́ ọjọ́ ìrántí, bàbá pè mí lójú àlá pé kí n wá jẹun. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti dijú, inú yàrá bàbá ni mo máa ń wà. Ẹ kó abọ́, ẹ ò wò mí. Ẹ wá tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ìpè náà já.

A sáré. Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wọn wà, òkun wà nísàlẹ̀, ibojì wà lókè. Yàrá bàbá Gi-beom, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí i. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rọra ṣí i. Òórùn òkun kọ lù wá. Kò séèyàn, ṣùgbọ́n ẹní tutù rinrin níbi kan. Ìyá wọlé, èmi dúró sí àgbàlá lẹ́nu ọ̀nà.

"Padà síbi tó o ti wá, ọmọ mi," ó ní.

Ohun tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi jáde.

Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá báyìí. Ọkọ̀ náà ò tíì pè. Àràárọ̀ ni Ìyá Gi-beom ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí.

"Nam-hui, ìwọ lo wà níta. Nígbà tó jáde, ibo ló gbà?"

Mo máa ń sọ fún un pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ní àgbàlá. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n mì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà lọ sápá òkè, níbi tí ibojì wà.